Kí O Tó Fá Irun Ọmọ Náà ní Mọ́ńdè

Ilé wa,
Ẹgbẹ́dá.
Fúráìdé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé yàrá tí o gbà ní Ìrókò kò jò mọ́? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Wọ́n ń bọ̀ ní Mọ́níyà lọ́la láti wá igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbìn, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ, àwọn ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Má jẹ́ kí wọ́n padà láìjẹun o, bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ pé àwọn ti yó.

Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín pé kí ló dé tí màmá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù náà ló fà á. Lọ́jọ́rú tí o pè mí, o ń yára sọ̀rọ̀, inú ń bí ọ, mo sì ń sọ pé "Gbọ́ ná, gbọ́ ná," kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ ni pé: "Màmá, ó ti tó! Wọn ò mọ bí a ṣe ń pín nǹkan sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n gbogbo ijó tó bá jáde lórí fóònù ni wọ́n mọ̀. Ọ̀kan wá fi irun pupa yòò wọ kíláàsì mi lónìí. Ẹ máa wò ó, tó bá di Mọ́ńdè, níwájú gbogbo ilé ìwé, màá fá a." Ó parí síbẹ̀. Mo pè padà títí, kò lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yìí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Tèmi pọ̀, ọmọ mi. Mo ti fi àwọn kan pamọ́ fún ọ láti ìgbà tí o ti dáyé, nítorí ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè ti súnmọ́lé. Jókòó, kí o fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tísà, mo kéré sí ọ ní ọdún kan. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé gíráámà kan ní ẹ̀gbẹ́ Lálúpọn, ìṣirò ni mo sì ń kọ́ wọn bíi tìẹ. Mo le bí ojú ẹja. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ga jù mí lọ, mo sì rò pé bí wọn kò bá bẹ̀rù mi, wọn kò ní gbọ́ ohun tí mo bá sọ.

Síkẹ́ẹ̀tì kan bóde lásìkò náà. Ó fún mọ́ ìbàdí, ó wá fẹ̀ rẹrẹ nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá yí po, aṣọ á ṣí bí agbòjò. Agbòjò náà ni àwọn ọmọ ń pè é. Kò sí ọmọbìnrin tí kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n yunifọ́ọ̀mù tiwa ń rọ̀ gbọọrọ bí àpò gàrí. Ní Mọ́ńdè kan, a dé ibi ìpéjọ òwúrọ̀, a rí ọmọbìnrin mẹ́jọ tí síkẹ́ẹ̀tì yunifọ́ọ̀mù wọn ti di Agbòjò. Àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Mo bèèrè pé, "Ta ló rán èyí fún yín?"

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà, Sìkírátù, jáde síwájú. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Nínú ìdánwò ìṣirò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà fún wọn, méjì nínú ogún ló gbà.

Ó ní, "Èmi ni, Àǹtí." Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ti ń sọ ọ́, èyí ló sì tún bí mi nínú jù.

Mo ní kí wọ́n lọ mú sísọ́ọ̀sì wá. Àbẹ̀kẹ́, lára rẹ̀ ni mo ti gé síkẹ́ẹ̀tì náà, láti etí ìsàlẹ̀ títí dé ìbàdí. Símísì rẹ̀ hàn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ó sì fi àpò ìwé rẹ̀ bo ara. Mi ò tíì dákẹ́. Mo ní, "Ẹni tó gba méjì nínú ogún, kò sí ohun tó mọ̀ ju oge lọ." Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wá ohun kan tó sọ nù sí ojú mi. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó di aṣọ náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ. Àwọn méje yòókù tú síkẹ́ẹ̀tì wọn lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé yìn mí. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, kí n má parọ́.

Sìkírátù kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣí tábìlì rẹ̀ láti kó ẹrù inú rẹ̀ fún ẹlòmíràn tó fẹ́ jókòó síbẹ̀. Mo rí ìwé ìṣirò rẹ̀. Níwájú ìwé náà, àmì pupa tèmi ló kún un. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kọ orúkọ ọmọbìnrin mẹ́jọ síbẹ̀, ó sì kọ ìwọ̀n ìbàdí oníkálukú sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́rìnlélógún, ó pín in sí mẹ́fà, ó rí mẹ́rin, ó wá kọ sí i pé: "Yọ díẹ̀." Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó pín in sí mẹ́fà, "Yọ díẹ̀." Ó ya òbìrí roboto sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ìlà hàn láti àárín dé etí. Ìwọ náà mọ ohun tí mo rí. Ọ̀nà tí ènìyàn fi ń mọ ìwọ̀n àárín òbìrí dé etí rẹ̀ láti ara àyíká rẹ̀ ni. "Díẹ̀" tó ń yọ yẹn, páì ni, nítorí páì fi díẹ̀ ju mẹ́ta lọ. Ohun tí mo ti ń kọ sójú pátákó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí gbogbo kíláàsì kò gbọ́, òun ni ọmọ yìí fi bu aṣọ fún èèyàn mẹ́jọ, tí kò sì sí ọ̀kan tí kò bá wọn mu.

Orí mi wú. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo tún un kà láti òkè délẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé wọn. Bàbá rẹ̀ ń pọ́n àdá níwájú ilé. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n bu omi fún mi, wọ́n kí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àdá sílẹ̀ tí wọ́n ní, "Olùkọ́, ọmọ ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Aṣọ yíya lẹ fi ránṣẹ́ padà sí mi."

Mo kúnlẹ̀. Bí ó ti wù kí n gbéraga tó nígbà náà, mo ní kí wọ́n dárí jì mí.

Wọ́n ní, "Ẹ dìde, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lẹ ya aṣọ mọ́ lára." Wọ́n sì pe ọmọ náà jáde.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi ìwé náà hàn án, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ohun tó mọ̀ yìí kọ ìdánwò. Ó ní, "Àǹtí, ti ojú pátákó yẹn kò yé mi. Ìgbà tí mo gbé e sórí aṣọ ló tó yé mi. Mo rò pé tí ẹ bá rí i, inú yín á dùn ni."

Inú mi á dùn! Ọmọ mi, ohun tó mú kó máa rẹ́rìn-ín músẹ́ lówùúrọ̀ Mọ́ńdè nìyẹn. Mo ti jẹ́ olùkọ́ fún ọdún kan gbáko láìsí ẹnikẹ́ni tó mú ẹ̀kọ́ mi lọ sílé láti fi ṣe nǹkan. Ọ̀kan péré wá mú un padà wá fi hàn mí, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e mọ́ ọn lára.

Kò padà sí ilé ìwé. Mo mọ̀ pé ìwọ yóò máa wá ibi tí yóò ti padà nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n kò padà. Ó ní òun kò lè rìn kọjá ibi ìpéjọ yẹn mọ́. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ránṣọ ní Ẹgbẹ́dá níbí, láti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo sọ fún ọ̀gá àgbà pé mo fẹ́ tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ilé ìwé. Wọ́n ní, "Mádàámù, tísà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á gùn yín lórí." Mo tọrọ rẹ̀ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gùn mí lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ń bẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti gbọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi èkíní rèé, bí o kò bá sì gba ìkankan nínú èyí tó kù, gba èyí: gbé abẹ sílẹ̀. Má ṣe dójú ti ọmọ nítorí ohun tó fẹ́ràn. Bí òfin ilé ìwé bá ní kò gbọ́dọ̀ fi irun pupa wá, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sọ fún un kó lọ tú u, kí o sì fún un lọ́jọ́ méjì. Òfin ṣì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, bi í pé, "Ta ló dì í fún ọ? Báwo lẹ ṣe pín in?" Ẹyin lohùn, èyí tí mo là mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò rí i kó jọ títí dòní.

Èkejì. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Sìkírátù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìsọ̀ ìyá aránṣọ yẹn ní gbogbo Sátidé. Wọ́n rò pé aṣọ ni mo fẹ́ rán. Mo ní rárá, mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gé e ni. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n wá ní kí ọmọṣẹ́ wọn fi hàn mí. Ọmọṣẹ́ náà ni Sìkírátù. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò bá mi sọ ju "Ẹ mú ibẹ̀ yẹn dání" lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣẹ́ aṣọ po sí mẹ́rin, tí mo fi okùn so ṣọ́ọ̀kì, tí mo gbá okùn mú ní kọ̀rọ̀ aṣọ, tí mo ń fà á yí, ó sì wọ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má fà á bẹ́ẹ̀! Kọ̀rọ̀ yẹn ni àárín òbìrí. Tí ọwọ́ yín bá kúrò níbẹ̀, ìbàdí oníbàdí á wọ́." Èmi tí mo gba oyè nínú ìṣirò ni ọmọ tí mo fún ní méjì nínú ogún ń kọ́.

Mo gbé ohun tó kọ́ mi wọ kíláàsì. Mi ò kọ páì sójú pátákó. Mo bèèrè pé, "Ta ló lè gé Agbòjò?" Àwọn ọmọ wojú ara wọn, wọ́n rò pé mo fẹ́ tún gé ti ẹnìkan. Nígbà tí wọ́n rí i pé òótọ́ ni mo ń bèèrè, ariwo sọ. A wọn ìbàdí, a pín in sí mẹ́fà, a yọ díẹ̀. Ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnkẹ́, tí kì í na ọwọ́ sókè rí, bá dìde. Ó ní, "Àǹtí, díẹ̀ náà ńkọ́? Ṣé bó bá ṣe wu èèyàn ló ṣe ń yọ ọ́ ni, àbí ó ní iye?"

Mo fẹ́ sunkún. Ìbéèrè tí mo ti ń dáhùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹni tó bi mí léèrè nìyẹn. Ìgbà yẹn ni mo tó mú ṣọ́ọ̀kì, tí mo kọ páì.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìbéèrè kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn kí ìdáhùn tó jáde lẹ́nu rẹ. Ohun tó wà lóde tí wọ́n ń lé kiri, ibẹ̀ ni ìbéèrè wọn wà. Irun tí wọ́n ń dì yẹn, ta ló ń pín orí sí ọgbọgba láìwò ó? Ijó orí fóònù tí o sọ, ẹsẹ̀ mélòó ni wọ́n ń gbé kó tó yí padà sí ti àkọ́kọ́? Bí ẹgbẹ́ kan bá ń ka mẹ́ta, tí ẹgbẹ́ kejì ń ka mẹ́rin, ìgbà wo ni ẹsẹ̀ wọn á jọ balẹ̀? Ìwọ ló mọ orúkọ tí ìṣirò ń pe ìyẹn. Jẹ́ kí wọ́n jó o ná, kí o tó dárúkọ rẹ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n má sáré jù o. Èmi sáré jù, òun ni ẹ̀kẹta tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí Agbòjò ti ṣiṣẹ́ fún mi, orí mi wú lọ́nà mìíràn. Mo rò pé àwọn ọmọ ti fẹ́ràn mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi sí i. Mo rán Agbòjò tèmi. Mo kọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, mo ń dá a sọ ní kíláàsì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ síkẹ́ẹ̀tì náà jáde nílé, bàbá rẹ, tó jẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni, wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé wọ́n ti dá ọ padà sí kíláàsì kejì ni?" Mo bínú sí wọn. Mo dé kíláàsì, mo yí po lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè rí i. Ni ọmọ kan bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Àǹtí, ó dáa o. Àmọ́ ti ọdún tó kọjá nìyẹn."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, mi ò rí nǹkan kan kọ́ wọn. Bí mo bá ti kọjú sí pátákó, wọ́n á máa yí po lẹ́yìn mi.

Ọmọ mi, o kò lè bá oge sáré kí o bá a. Bí o bá fi máa mọ ijó tòní, wọ́n á ti dé ti ọ̀la. Má sì wulẹ̀ gbìyànjú. Àwọn ni kí wọ́n jẹ́ olùkọ́ nínú ọ̀ràn oge, kí ìwọ jẹ́ olùkọ́ nínú ọ̀ràn ìṣirò. Bí wọ́n bá ń ṣàlàyé fún ọ, máa bèèrè bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí lóòótọ́ ni o kò mọ̀ ọ́n. Inú ọmọ máa ń dùn bí ó bá kọ́ tísà rẹ̀ ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí tísà òun di ẹgbẹ́ òun. Ó ti ní ẹgbẹ́ tó pọ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tó dùn mí ju ẹ̀rín yẹn lọ. Mo ní kí oníkálukú mú aṣọ rẹ̀ tó dára jù wá lọ́jọ́ Fúráìdé, kí a fi kọ́ bí a ṣe ń wọn nǹkan. Gbogbo wọn ló hó yèè. Lọ́jọ́ Fúráìdé náà, ọmọ méjì kò wá. Ọ̀kan nínú wọn, Adéọlá, kì í pa ilé ìwé jẹ, bí òjò bá tilẹ̀ ń rọ̀. Mo bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, yunifọ́ọ̀mù nìkan ló ní." Aṣọ là ń kí kí a tó kí èèyàn, wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo wá sọ òwe náà di òfin nínú kíláàsì tí mo pè ní ti gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, pépà tí wọ́n fi ń di sìmẹ́ǹtì ni a ń lò, òwú àti ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, pépà kan náà ni wọ́n ń gé. Kíyè sí èyí gan-an ní Ìrókò, Àbẹ̀kẹ́. Bí o bá ní kí wọ́n mú fóònù wá, kọ́kọ́ wò ó bóyá gbogbo wọn ló ní i. Bí ẹnìkan ṣoṣo kò bá ní i, má sọ ọ́ rárá. Ya ohun tí o fẹ́ sójú pátákó. Pátákó kì í yan ẹni tó máa wò ó.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ kí n máa sọ ọ́ bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Kì í ṣe gbogbo irun ló jẹ́ ti oge. Ìlú àgbẹ̀ ni ìlú tí o wà yẹn. Ìmàle wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, àwọn tó ń sin òrìṣà ìdílé wọn náà sì wà níbẹ̀. Ọmọ tí a bí ní dàda, kì í ṣe pé ó ń ṣe fáàrí. Ọmọ tó borí, má ní kó ṣí i kí àwọn yòókù lè ka ìlà irun rẹ̀. Bèèrè kí o tó fọwọ́ kàn, kí o sì bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ dípò tí wàá fi bi ọmọ nìkan. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti tọ́ ọ dàgbà, o lè rò pé ohun tí o kò mọ̀ kò ní ìtumọ̀. Ó ní.

Kì í sì ṣe gbogbo ohun tó bóde ni kí o gbà láàyè láì bi í léèrè. Ìpara tí wọ́n fi ń bóra wà lára ohun tó bóde. Fídíò ọmọkùnrin tó ń ju owó sókè láìsọ iṣẹ́ tó ń ṣe wà lára ohun tó bóde. Má sì ṣe wàásù nípa wọn, wọn kò ní gbọ́. Kọ́ wọn láti bèèrè pé: ta ló ń jèrè bí mo bá fẹ́ràn nǹkan yìí? Kí ló wà nínú ike yìí, kí sì ni wọn kò kọ sára rẹ̀? Ọmọ tó bá mọ bí a ṣe ń bi oge ní ìbéèrè, kò sí oge tó lè tàn án jìnnà.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, lọ rí ọ̀gá àgbà yín. Ṣàlàyé fún wọn. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ariwo láti kíláàsì rẹ kí wọ́n tó mọ ohun tó fà á. Àwọn òbí náà, bí wọ́n bá ní ìwọ kò kọ́ ọmọ àwọn ní ìwé, ijó lò ń kọ́ wọn, má bá wọn jà. Ní kí wọ́n bi ọmọ wọn léèrè ohun tó kọ́ lónìí, kí ìwọ sì dákẹ́. Kí o sì máa fún àwọn ọmọ ní ìdánwò tó le, nítorí lọ́jọ́ ìdánwò àṣejáde, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n ní Agbòjò. Bí ẹ̀kọ́ bá dúró sórí aṣọ láìpadà sínú ìwé, eré lásán ni.

Ìwọ yóò fẹ́ mọ bí Sìkírátù ṣe parí sí. Ó kọ́ṣẹ́ tán, ó gba òmìnira, ó ṣí ìsọ̀ tirẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́dún tó gba òmìnira náà pé kó wá fi bí a ṣe ń gé aṣọ han àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó ní òun á wá. Ó dé ẹnu géètì, ó dúró. Mo jáde lọ bá a. Ó ní, "Àǹtí, ẹsẹ̀ mi kò gbà kí n wọlé." Mi ò fi agbára mú un. Mo padà lọ kó gbogbo kíláàsì jáde wá bá a lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níta géètì. Ó kọ́ wọn níbẹ̀ fún odidi wákàtí kan. Àwọn ọmọ ń pè é ní "Àǹtí," mo sì rí i bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kò fi ọjọ́ kan wọ inú ọgbà ilé ìwé náà. Ó ti ní ọmọ báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ dára, ó sì máa ń kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ìwé tó fẹ́ kà, kò kà á, èmi ni mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí ìdáríjì kì í dá padà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì ṣòro fún mi jù láti kọ. Mo ti gbé bírò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí ti yé mi dáadáa kí a tó bí ọ. Mo ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, o máa ń dirun fún àwọn ọmọbìnrin àdúgbò lẹ́yìn ilé wa. O máa ń jókòó sórí àpótí, wọ́n á tò sílẹ̀ dè ọ́, ìwọ á máa kọrin, ọwọ́ rẹ á máa yára bí ti àgbàlagbà. Mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo bá yín níbẹ̀. Mo tú gbogbo wọn ká. Mo ju ìyàrí rẹ sínú koríko, mo ní, "Ọmọ tísà kì í ṣe onídìrí." Ọmọ tí o ń dirun fún lọ́wọ́ lọ sílé pẹ̀lú irun ìlàjì. Láti ọjọ́ náà, mi ò rí ọ kí o dirun fún ẹnikẹ́ni mọ́, mi ò sì gbọ́ kí o kọrin lẹ́yìn ilé mọ́. O gbájú mọ́ ìwé, o yege, gbogbo ènìyàn ń yìn mí pé mo tọ́ ọ dáadáa.

Ohun tí mo gbà láàyè fún ọmọ ẹlòmíràn, mo fi du ọmọ tèmi. Bóyá ìdí tí irun ọmọ yẹn fi bí ọ nínú tó bẹ́ẹ̀ náà nìyẹn. Ìwọ ló mọ̀, mi ò ní sọ ọ́ fún ọ. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo rántí. Mo ṣẹ̀ ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Má bínú sí mi.

Kí Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibẹ̀ tì ọ́ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí o ń kọ́ kò ní gbàgbé rẹ sí búburú. Orí rẹ yóò máa ṣe ọ́ lóore níwájú àgbà àti níwájú ọmọdé.

Bí o bá wálé fún ìsinmi, má gbàgbé láti mú ìyàrí dání. Irun mi ti funfun, kò sì pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì tó dì. Mo fẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí n gbé orí lé ọ lẹ́sẹ̀, kí o dì í bó bá ṣe wù ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.